Oyè Mẹ́sàn-án àti Omi Tí Kò Wọlé

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín kì í fẹ́ kí èèyàn jókòó nígbà tí wọ́n bá ń dárúkọ rẹ̀, àmọ́ kò sí níbí, ẹ jókòó yín. Òun ni ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń ṣírò omi adágún ńlá tó wà lókè ìlú kan. Wọ́n mọ ògiri sé odò, omi kóra jọ sẹ́yìn ògiri, àwọn ará ìlú ń mu ún, wọ́n sì ń fi í fọṣọ. Géètì irin mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà. Bí omi bá ti ń pọ̀ jù, wọ́n á ṣí géètì, omi á gba inú gọ́tà ńlá kan lọ sẹ́yìn ìlú láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí wọn ò bá ṣí i, omi á gun orí ògiri, á sì sọ̀kalẹ̀ sí àdúgbò ìsàlẹ̀, níbi tí igba ilé àti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà. Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà ò ju pé kí wọ́n mọ iye omi tó ń wọlé lójúmọ́, kí wọ́n lè mọ ìgbà tó yẹ kí géètì ṣí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè lóye rẹ̀. Ọ̀gá wa ò lóye rẹ̀, àmọ́ òun ni wọ́n fi ṣe olórí.

Ọ̀gá yìí ní oyè mẹ́sàn-án. Kò sí ọba tó fi í jẹ ọ̀kankan nínú wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rí oyè tuntun nínú balùwẹ̀ láàárọ̀, tó ń sáré gbé e dé ọ́fíìsì kó tó gbàgbé. Ní aago mẹ́jọ, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde dúró, akọ̀wé rẹ̀, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ ti há nítorí iṣẹ́ yìí, á sì máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan:

"Ọ̀gá Àgbà Pátápátá. Aṣíwájú Gbogbo Oníṣirò. Baba Omi. Ọ̀rẹ́ Nọ́ńbà. Ìmọ́lẹ̀ Ọ́fíìsì. Òpó Tí Adágún Fẹ̀yìn Tì. Akíkanjú Lórí Àga. Ẹni Tí Kì í Ṣìṣe. Àti Bẹ́ẹ̀ Bẹ́ẹ̀ Lọ."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. "Àti Bẹ́ẹ̀ Bẹ́ẹ̀ Lọ" yẹn, oyè ni òun náà. Ọ̀fun akọ̀wé ló gbẹ lọ́jọ́ kan tó fi sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá sì fẹ́ràn bó ṣe dún, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ìyókù.

Ṣáájú kó tó dé, báyìí ni wọ́n ṣe ń rí nọ́ńbà omi. Ẹ̀rọ kan wà létí odò, níbi tí omi ti ń wọ adágún, tó ń kọ bí omi ṣe ń ṣàn sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ètò ìṣirò inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì á pe ẹ̀rọ náà lórí fóònù, á bi í bí omi ṣe ń sáré sí ní ìṣẹ́jú báyìí, á gba èsì, á tún bi í nípa ìṣẹ́jú tó tẹ̀lé e, títí yóò fi yọjú wo gbogbo ọjọ́ kan tán. Ìgbà náà ni yóò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí yóò sì sọ pé iye omi tó wọlé lánàá kún tánkà báyìí báyìí. Fóònù ibẹ̀ ò gbádùn, nítorí náà ó máa ń tó ogójì ìṣẹ́jú kí ìdáhùn tó jáde.

"Ogójì ìṣẹ́jú," ni ọ̀gá wí ní oṣù kejì tó gorí àga. "Kí ni kí n máa fi ogójì ìṣẹ́jú ṣe? Kí n máa wo ojú yín?"

"Àfojúdi ni, sà," ni Igbákejì dá a lóhùn. Igbákejì yìí ti tẹ̀ fún ọ̀gá mẹ́rin rí, ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń nà tán mọ́. "Ẹ̀rọ lásán ló ń dá yín dúró, sà."

"Ta ló ń tọ́jú ẹ̀?"

Obìnrin kan jáde láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn ń pè é, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ọdún kọkànlá tó ti wà nídìí ẹ̀rọ náà sì nìyẹn. "Èmi ni, sà. Ìgbà egbèje ó lé ogójì ló ń yọjú, sà. Ìṣẹ́jú tó wà nínú ọjọ́ kan nìyẹn."

"Oyè mi mélòó?"

"Mẹ́sàn-án, sà."

"Ǹjẹ́ ẹ rí i? Èmi tí mo ní ọ́fíìsì, mẹ́sàn-án. Kọ̀ǹpútà tí mo ń sanwó iná fún, egbèje ó lé ogójì. Láti òní lọ, tí akọ̀wé bá pe oyè kan, kó yọjú lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ti pe ìkẹsàn-án, mo fẹ́ rí ìdáhùn lórí tábìlì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin, wọ́n fi férémù sí i, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri. Bí kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta nìyẹn: ní aago méjìlá òru, aago mẹ́ta, aago mẹ́fà, aago mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ títí aago méjìlá òru kejì á fi lù. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín, ó gbà pé ó dà bí ohun tó rí nígbà tó yọjú. Bí ìyá kan bá ń yọjú wo ọmọ ní yàrá ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, tó ń bá a lórí ẹní nígbà gbogbo, yóò sọ fún bàbá ọmọ pé ọmọ sùn látàárọ̀. Kò ní mọ ẹni tó da ìyẹ̀fun sórí ológbò.

Ètò náà tún ní ọgbọ́n kan tó fi ń dán ara rẹ̀ wò. Tó bá ti fi ìyọjú mẹ́sàn-án rí ìdáhùn, yóò mú márùn-ún péré nínú wọn, yóò tún fi wọ́n ṣírò. Bí ìdáhùn méjèèjì bá jọra, yóò kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé, "Ó dá mi lójú." Ẹni méjì tí kò rí nǹkan kan sì máa ń fẹnu kò dáadáa, nítorí náà kò sí àárọ̀ kan tí kò dá a lójú.

Ọ̀gá tún fi tirẹ̀ kún un. Ó ní nọ́ńbà kúkúrú ò yẹ ènìyàn ńlá, ó sì pàṣẹ kí ìdáhùn máa ní nọ́ńbà ogún lẹ́yìn pọ́ìntì. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn oyè, ó ń kà á lórí rédíò ìlú pẹ̀lú ohùn tó dà bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀dá omi: "Ẹ̀yin ènìyàn mi, tánkà mẹ́ta pọ́ìntì odo méje mẹ́rin mẹ́rin kan mẹ́sàn-án…" Kí ó tó kà á tán, ẹlòmíràn ti jẹun tán, ó ti wọ bàtà. Igbákejì á wá pàtẹ́wọ́. "Sà, kọ̀ǹpútà pàápàá mọ ẹni tí ẹ jẹ́. Ẹ wo bó ṣe kọ ọ́ síbí pé ó dá òun lójú."

Inú àdúgbò ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá Àǹtí Kọ̀ǹpútà ń gbé, ní yàrá kan ní ilé kẹta sí ilé ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn ọ̀gá yìí ju ìyá náà lọ láyé. Bó bá ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wúkọ́ nítòsí rẹ̀. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ka nọ́ńbà," ni yóò máa wí fún àwọn aládùúgbò. "Ọmọ mi ń bá èèyàn gidi ṣiṣẹ́."

Nígbà tó yá, àsìkò òjò dé. Ní ìlú yẹn, òjò kì í rọ̀ bó ṣe wù ú. Àwọn òkè tó wà lókè odò ló máa ń rọ̀ lé lórí, lọ́jọ́ tó bá rọ̀, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, ó sì máa ń dá kí aago mẹ́fà tó lù. Odò á wá ru fún bíi wákàtí kan ààbọ̀, á sì padà di tín-ín-rín. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yọjú ní aago mẹ́ta, odò ń ṣàn jẹ́jẹ́. Ó tún yọjú ní aago mẹ́fà, odò ń ṣàn jẹ́jẹ́. Ó dá a lójú.

Ẹni tó kọ́kọ́ pariwo ni Bàbá Onígéètì, àgbàlagbà kan tó ń gbé nínú ilé kékeré tó wà lórí ògiri ìsédò. Wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára ògiri náà láti fi mọ ibi tí omi gùn dé. Ó wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú bàtà ròbà lẹ́sẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́, sà. Omi ti bo ìlà méje láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ku mẹ́fà."

Ọ̀gá wo bàtà rẹ̀ kó tó wo ojú rẹ̀. "Tánkà mélòó ni kọ̀ǹpútà ní ó wọlé lánàá?"

"Wọ́n ní mẹ́ta àti díẹ̀, sà."

"Àti díẹ̀? Nọ́ńbà ogún lò ń pè ní díẹ̀? Gbọ́, bàbá. Bí tánkà mẹ́ta péré bá ń wọlé lóòjọ́, ṣé omi lè gùn?"

"Kò lè gùn, sà. Àmọ́ ó gùn."

"Kò gùn. Ògiri ló ń rì."

Igbákejì ti ń kọ̀wé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé Ìgbìmọ̀ Ògiri Tó Ń Rì kalẹ̀, ẹni mẹ́tàlá, tí wọ́n ń jókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Wọ́n rán ẹni tó ń kun ọ̀dà lọ sórí ògiri kó pa ìlà àtijọ́ rẹ́, kó sì fa tuntun sí òkè, níbi tí ọ̀gá ní ó yẹ kí ó wà. Ìlà tó kù wá di mẹ́wàá. Wọ́n fún Bàbá Onígéètì ní kúẹ́rì nítorí pé ó pe ọ̀gá ní onírọ́ láìfẹnu sọ ọ́. Nígbà tó tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n fún un ní ìkejì, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìkẹta ni yóò fi lọ sílé. Wọ́n tún fi kún un pé kò gbọdọ̀ ṣí géètì láìsí ìwé tí nọ́ńbà kọ̀ǹpútà àti òǹtẹ̀ ọ̀gá wà lórí rẹ̀.

Àǹtí Kọ̀ǹpútà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ nítorí ìyá rẹ̀, àmọ́ ó fẹ́ mọ ibi tí irọ́ náà ti ń jáde kó tó pe ẹnikẹ́ni ní onírọ́. Ó kọ́kọ́ fura sí ẹ̀rọ etí odò, ó lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó wo inú rẹ̀, kò sí kòkòrò, kò sí ẹrẹ̀, gbogbo ìṣẹ́jú ló wà níbẹ̀ pé pérépéré. Ó fura sí fóònù, fóònù ń jìn-jìn-jìn bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ kò yí ọ̀rọ̀ padà. Ló bá jókòó ti ètò náà fúnra rẹ̀. Ó mú ọjọ́ kan ṣoṣo, Túsìdeè tó kọjá, ó ní kí ètò náà yọjú nígbà mẹ́sàn-án. Tánkà mẹ́ta. Ó ní kó yọjú nígbà mẹ́wàá. Tánkà ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Ó fọwọ́ nu ojú, ó ní kó ṣe é nígbà mọ́kànlá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Ó ní méjìlá. Mẹ́ta.

Ó ju bírò sílẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni, odò kan náà ni, omi kan náà tó ti wọlé tó ti jókòó. Ó fa ìlà sórí ìwé, ó kọ gbogbo aago sí i, ó wá fi bírò pupa sàmì sí ibi tí òjò ti rọ̀, láti aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú títí dé aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà náà ni ó rí i. Bí ìyọjú bá jẹ́ mẹ́wàá, ọ̀kan nínú wọn á bọ́ sí aago mẹ́rin géérégé, nínú òjò, bẹ́ẹ̀ náà ni ti mọ́kànlá. Bó bá jẹ́ mẹ́sàn-án tàbí méjìlá, gbogbo wọn á fo òjò náà dá bí ẹni ń fo ẹrẹ̀. Nígbà tó wá jẹ́ kó wo gbogbo ìṣẹ́jú bí ti àtijọ́, ìdáhùn náà jẹ́ tánkà ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Òtítọ́ nìyẹn.

Ó gbé ìwé rẹ̀ lọ bá ọ̀gá. Ó ṣàlàyé fún un títí, ó fi ìka tọ́ka sí i, ó tún un sọ. Ọ̀gá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Mẹ́wàá," ni ó wí. "O fẹ́ kó yọjú nígbà mẹ́wàá. Èmi oyè mẹ́sàn-án, òun ìyọjú mẹ́wàá. Nínú ọ́fíìsì mi."

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, omi gidi ló ń wọlé. Àwọn èèyàn wà nísàlẹ̀. Ìyá mi wà níbẹ̀."

"Ìyá rẹ? Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé Ẹni Tí Kì í Ṣìṣe ní kí wọ́n sùn dáadáa."

Àǹtí Kọ̀ǹpútà jáde pẹ̀lú omijé lójú, inú sì bí i gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí àtẹ̀gùn, èrò kan sọ sí i lọ́kàn tí ojú ì bá tì í láti sọ jáde ní ọjọ́ mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé oyè ló ń pín ìyọjú, kí ló dé tí a ò fi oyè kún oyè? Ó ṣírò rẹ̀ sára ògiri pẹ̀lú ìka: mẹ́tàdínlógún. Bí oyè bá di mẹ́tàdínlógún, kọ̀ǹpútà á yọjú ní aago mẹ́rin ààbọ̀, láàárín òjò gan-an. Ìdáhùn á yàtọ̀ sí ti mẹ́sàn-án, kò ní dá a lójú mọ́, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á máa wá òtítọ́ kiri. Oyè mẹ́jọ péré ló kù kí ìyá òun máa sùn ní àlàáfíà.

Òun àti akọ̀wé jókòó, wọ́n hun oyè mẹ́jọ. Mi ò ní kà wọ́n tán fún yín. Ọ̀kan ni "Àwòrán Tí Ògiri Ń Wò". Òmíràn ni "Ìsinmi Ojú Àwọn Òṣìṣẹ́". Obìnrin tó fi ọdún mọ́kànlá kọ̀ láti pọ́n ọ̀gá kankan ló kọ ìwọ̀nyí pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kò sì sinmi títí ó fi rí ìkẹjọ. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, gbogbo òṣìṣẹ́ kóra jọ, akọ̀wé kúnlẹ̀, ó ka oyè tuntun mẹ́jọ. Ojú ọ̀gá ń dán. Ó ti na ọwọ́ láti gba ìwé náà.

Ó ṣe ni láàánú pé oníròyìn kan wà nínú iyàrá lọ́jọ́ yẹn. Ó wá ya fọ́tò ìgbìmọ̀ ògiri. Ọ̀gá rí bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Mo kọ̀ ọ́," ni ó wí. "Kọ ọ́ sílẹ̀, oníròyìn. Onírẹ̀lẹ̀ ni mí. Kò sí onírẹ̀lẹ̀ tó tó mi ní gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba. Àwọn ènìyàn mi fẹ́ kó oyè mẹ́tàdínlógún lé mi lórí, mo ní rárá, mẹ́sàn-án tó fún ẹlẹ́ran ara."

Àǹtí Kọ̀ǹpútà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọ̀wé. "Sà, ẹ gbà á, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbà á nítorí Ọlọ́run."

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe fẹ́ràn mi," ni ọ̀gá wí fún oníròyìn, ó sì fi ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta sọ̀rọ̀ lórí ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ọkùnrin yìí ti gba ohun gbogbo tí wọ́n nà sí i láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ọjọ́ kan péré ló sọ láyé rẹ̀ pé ó tó, ọjọ́ yẹn náà ni ó bà wá jẹ́.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, òkè ṣú láti aago mẹ́ta kọjá. Ilé ẹ̀kọ́ ti parí, àwọn ọmọ ti lọ sílé, ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ fún ìyẹn. Nígbà tí aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lù, Àǹtí Kọ̀ǹpútà ò dúró de òfin mọ́. Ó jókòó ti ètò náà, ó ní kó fi òru sílẹ̀, kó fi àárọ̀ sílẹ̀, kó wo láti aago mẹ́ta ààbọ̀ títí di ìsinsìnyí nìkan, kó má fo ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Fóònù jìn-jìn-jìn. Ìwé jáde: tánkà ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ó sì ń wọlé síbẹ̀.

Ó sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà ọ̀gá. Igbákejì dúró síbẹ̀.

"Ọ̀gá ń ya fọ́tò kàlẹ́ńdà," ni ó wí. "Oṣù Keje ni wọ́n wà báyìí. Àyàfi tí wọ́n bá dé Oṣù Kejìlá."

"Ẹ bá mi fi òǹtẹ̀ tẹ ìwé yìí nìkan. Omi ti fẹ́ gun ògiri."

"Nọ́ńbà kì í jáde ní ọ̀sán, Àǹtí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, lẹ́yìn oyè. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó yí padà, ó ń sáré, ó ń tẹ fóònù.

"Màmá, ẹ jáde nílé. Ẹ gun òkè lọ sí ilé mi, ẹ má kó nǹkan kan."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Omi ń bọ̀."

"Omi wo? Ọ̀gá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ láàárọ̀ pé tánkà mẹ́ta ni. Nọ́ńbà ogún ló kà, mo kà á tẹ̀ lé e."

"Màmá, ó ṣìṣe."

"Ìwọ ni ọ̀gá àbí òun ni ọ̀gá? Wọ́n gbé èèyàn sípò, o ò bọ̀wọ̀ fún un. Mi ò kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀." Ó pa fóònù.

Nígbà tí Àǹtí Kọ̀ǹpútà dé orí ògiri, omi ti ń lá etí ògiri bí ajá ṣe ń lá àwo. Bàbá Onígéètì dúró ti kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n fi ń ṣí géètì, kò fọwọ́ kàn án. Ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

"Òǹtẹ̀ dà?"

"Kò sí òǹtẹ̀, bàbá. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Ìyá mi wà nísàlẹ̀, kò gbà mí gbọ́."

Ọkùnrin yìí ti ń ṣọ́ géètì láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Kúẹ́rì ìkẹta ni yóò lé e kúrò nínú ilé kan ṣoṣo tó ní. Ó wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ká a sínú àpò, ó ní, "Bá mi di apá kejì mú." Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í yí kẹ̀kẹ́ náà. Ogún ìṣẹ́jú ni géètì kọ̀ọ̀kan ń gbà, omi sì ti ń ré kọjá lórí ògiri kí ìkejì tó ṣí. Nígbà tí ìkẹta ṣí, ọwọ́ àwọn méjèèjì ti bó, omi orí ògiri dúró, gbogbo rẹ̀ yí sínú gọ́tà ńlá.

Àdúgbò ìsàlẹ̀ kò parẹ́, àmọ́ omi wọ gbogbo ilé. Ẹ̀mí kankan ò sọnù. Bẹ́ẹ̀dì, ìwé àwọn ọmọ, fìríìjì, àga ilé ẹ̀kọ́, gbogbo wọn ń léfòó. Wọ́n bá ìyá Àǹtí Kọ̀ǹpútà lórí tábìlì tó gùn lé, omi dé àyà rẹ̀, ó di òrùlé mú. Ọmọ rẹ̀ gbé e pọ̀n jáde.

Ẹ ó rò pé ìtìjú dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ní aago mẹ́jọ, wọ́n ka oyè mẹ́sàn-án, kọ̀ǹpútà yọjú lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ọ̀gá sì kà á lórí rédíò pẹ̀lú ohùn dídùn: tánkà mẹ́ta pọ́ìntì odo mẹ́jọ. Ní àdúgbò ìsàlẹ̀, ọkùnrin kan tó ń fi korobá gbọ́n omi lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dúró, ó gbọ́ gbogbo nọ́ńbà ogún náà tán, ó sì ń gbọ́n omi lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Àǹtí Kọ̀ǹpútà àti Bàbá Onígéètì gba ìwé ìlélọ. Ẹ̀sùn wọn ni pé wọ́n tú omi tí kò wọlé sílẹ̀ láìgba àṣẹ.

Àwọn ará àdúgbò ìsàlẹ̀ ò gbà. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí olú ilé iṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́rùn, olú ilé iṣẹ́ sì rán ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta wá, tí alága wọn jẹ́ obìnrin kan tó ní gíláàsì ojú tó nípọn. Inú gbọ̀ngàn ọ́fíìsì ni wọ́n jókòó sí. Ọ̀gá wọlé, ó ní kí akọ̀wé kọ́kọ́ ka oyè. Alága ní kò pọn dandan. Ọ̀gá ní ó pọn dandan. Wọ́n kà á.

Ó wá sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì. Ó ní ìdáhùn tó ní nọ́ńbà ogún lẹ́yìn pọ́ìntì ò lè ṣìṣe, nítorí kò sí àyè tí àṣìṣe á gbà wọlé. Ó ní kọ̀ǹpútà ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ó dá òun lójú, ta ni ènìyàn láti ṣe iyèméjì? Ó ní ògiri ló rì, ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́tàlá sì lè jẹ́rìí. Ó ní obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ kórìíra ìlọsíwájú òun. Igbákejì ń mi orí, àmọ́ ó ti sún àga rẹ̀ sẹ́yìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì.

Nígbà tó parí, alága bi àwọn ará àdúgbò bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ìyá Àǹtí Kọ̀ǹpútà dìde. Aṣọ tó wọ̀ jẹ́ ti ọmọ rẹ̀, nítorí omi ti kó tirẹ̀ lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni ó wí. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó dìde. "Èmi ni mo máa ń ní kí gbogbo ilé dákẹ́ tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ní kí n sá, mo bú u nítorí yín. Mi ò mọ ìṣirò, mi ò fẹ́ béèrè ìṣirò. Ọ́fíìsì yín tó wà lókè yìí, ṣé èèyàn lè rí adágún láti ibẹ̀?"

"A lè rí i dáadáa, màmá," ni ọ̀gá wí. "Abẹ́ fèrèsé mi gan-an ni. Nínú gbogbo ọ́fíìsì ìjọba, kò sí èyí tí fèrèsé rẹ̀ dára tó—"

"Ó dáa, sà. Láàárín gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ẹ fi ń sọ fún wa pé omi ò wọlé, ǹjẹ́ ẹ dìde lọ wò ó rí lójú fèrèsé? Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ọ̀gá yíjú padà. Ó wo Igbákejì, Igbákejì ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó wo akọ̀wé. Ó wo ìyá àgbà tó dúró síwájú rẹ̀, tí kò bínú, tó kàn fẹ́ mọ̀ nítòótọ́. Mo rò pé ó wá gbogbo oyè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì rí èyí tó lè dá a lóhùn.

"Rárá, mà," ni ó wí.

Alága kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn sílẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí, ó sì pa fáìlì dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ ọ̀gá, Àǹtí Kọ̀ǹpútà àti Bàbá Onígéètì padà sẹ́nu iṣẹ́, Igbákejì sì ti ń béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé pé kí ni ọ̀gá tuntun fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun.

Ìyá àti ọmọ jọ ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìyá náà dúró ní àárín, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó ṣì wà nínú báńdéèjì mú, ó ń wò ó.

"Má bínú sí mi," ni ó wí. "Ìwọ lo sọ òótọ́ fún mi, mo sì pa fóònù mọ́ ẹ létí."

Àǹtí Kọ̀ǹpútà ń sunkún. Ìyá rẹ̀ fi etí aṣọ tó yá wọ̀ nu ojú fún un. Lókè, òkè odò ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

"Tánkà mélòó lo rò pé èyí máa jẹ́?" ni ìyá náà béèrè.

"Mi ò tíì mọ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó."

"Ó dáa," ni ìyá náà wí. "Mo ń dúró dè ẹ́ níbí."